Ẹ̀dà Tó Wà Lórí Téèpù Ọjọ́rú

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Eléwáyà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń gbádùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún tẹlifóònù ṣe ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà ò tíì fi ariwo di ọ́ létí? Mo kí gbogbo yín, mo kí yín gan-an ni.

Tí o bá ń wo ìwé yìí tí o ń bi ara rẹ pé ṣé adìyẹ ló tẹ̀ ẹ́ báyìí, jọ̀ọ́ má bú mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun, ìka mẹ́ta ló ṣẹ́ níbẹ̀. Òòlù ló ṣẹ́ wọn, òòlù ọkọ àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀ kà á, kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ, ká ní wọn ò sáré wá là wá lọ́jọ́ náà ni, ẹnì kan ì bá kú.

Ṣé o rántí ẹ̀rọ pélébé tí àbúrò mi agbẹ̀bí máa ń gbé kiri, èyí tó ṣe rẹ́gí nínú àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi igi ṣóńṣó kékeré kọ nǹkan sí lójú? Ibẹ̀ ló ń kọ orúkọ àwọn aláboyún rẹ̀ sí, ọjọ́ tí wọ́n máa bí, àti òpópónà tí wọ́n ń gbé. Ìwọ lo fi wáyà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìwọ náà lo júwe fún mi lórí fóònù bí mo ṣe máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ wa nílé ìtẹ̀wé, kí n lè máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀. O ní bátìrì ló ń gbé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ró, pé tí bátìrì bá kúrò níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, gbogbo ohun tó mọ̀ ló máa gbàgbé.

Kọ̀ǹpútà tiwa náà, o mọ̀ ọ́n. Yúníìsì ni, irú èyí tí kì í fi àwòrán han èèyàn. Ọ̀rọ̀ lo máa tẹ̀ fún un, àṣẹ ló sì ń gbà. Tí o bá ní kó ṣe é, á ṣe é, kì í béèrè bóyá ó dá ọ lójú. Tó bá ṣe é tán, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tí nǹkan bá kọ̀ fún un nìkan ló ń lanu. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń to lẹ́tà lórí ẹ̀, mo mọ ìwà ẹ̀ ju ti ọkọ tí mo kọ̀ sílẹ̀ lọ.

O sọ fún mi nígbà náà pé kí n máa fi ọjọ́ sí orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí tòní má lọ jókòó lé tàná lórí. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́. O mọ̀ mí, mi ò lè rí nǹkan tó kún wúruwùru kí n dákẹ́. Mo lọ kọ àṣẹ tèmi, pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kó wà, kó sì rí bí ẹ̀rọ àbúrò mi bá ṣe rí gẹ́lẹ́. Ohun tó bá kọ, kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́. Ohun tó bá pa rẹ́, kí kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Mo tiẹ̀ fi yangàn fún ọ. O bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní kí o lọ jókòó.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí àbúrò mi bá ti ń ti ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún rẹ̀ bọ̀, á yà sí ibi iṣẹ́ wa. Màá so wáyà, màá tẹ àṣẹ, òun á dúró tì mí títí màá fi ní ó ti parí. Ọdún kan ààbọ̀ la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣí i kà rí. Mo ní ọ̀rọ̀ aboyún ni, kí ló kàn mí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, èmi àti ẹni tó ń di ìwé pọ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí mò ń tẹ àṣẹ náà, mi ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan. Àbúrò mi gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn mi lulẹ̀. Mo ṣí i, àbúrò mi ni. Bàtà kan ló wọ̀. Ojú òsì ti wú dí, ètè ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń yìn, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, ló fi ẹsẹ̀ tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá tán nà án láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà. Ó tì í síta, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ sínú ilé. O mọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin tí à ń pè ní Ìyá Kékeré torí bó ṣe máa ń bá àgbàlagbà wí.

Ibi tí mo ti ń fi omi nu ojú rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ó ní ó ti lé lọ́dún méjì. Ó ní gbogbo rẹ̀ lòun ń kọ sínú ẹ̀rọ òun, lábẹ́ orúkọ aláboyún kan tí kò sí níbì kan: ọjọ́, aago, ohun tó fi nà án, ibi tó bà. Inú bí mi sí i, mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó wò mí lójú, ó gba aṣọ tí mo fi ń nu ojú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọkọ òun ti rí i, ó ti yọ bátìrì ẹ̀rọ náà pẹ́ kó tó dá a padà, pé bó ṣe ń na òun ló ń sọ fún òun pé òun ti gbá ìdọ̀tí yẹn dànù. Kò sọ ọjọ́ tó ṣe é. A ṣí ẹ̀rọ náà, òfìfo. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó má wulẹ̀ sunkún, òmùgọ̀ lọkọ ẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ìwọ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ, èmi ò tíì mọ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ Ajé a lọ sí kóòtù. Akọ̀wé ibẹ̀ ní adájọ́ máa gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀ torí ọmọ kékeré wà nínú ẹ̀. Ó ní ọkọ ti ṣáájú wa dé, ó ti sọ pé ìyàwó òun ló ń ṣubú kiri, pé orí rẹ̀ ò pé mọ́, pé ó sá fi ọmọ sílẹ̀. Tí a ò bá mú ẹ̀rí wá, ọ̀dọ̀ bàbá ni Ìyá Kékeré máa wà. A lọ bẹ àwọn aládùúgbò. Gbogbo wọn ló gbọ́ igbe láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó fẹ́ wá sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n máa jókòó, a ò nílò wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a lọ sí ilé ìyá ọkọ rẹ̀, ibi tí ọmọ wà. Wọn ò jẹ́ ká wọlé. À ń gbọ́ ohùn Ìyá Kékeré nínú yàrá, ó ń pe ìyá ẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ gba àárín wọn kọjá, ọkọ rẹ̀ gbá a mọ́ ògiri, ó já ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rún wómúwómú. Ara mi bù máṣọ. Mo gbá a létí, mo tún un gbá. Ó fún mi lọ́rùn, mo gé apá rẹ̀ jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló wá là wá. Níbi tí wọ́n ti ń wọ́ mi jáde ni mo ti la ẹnu burúkú tèmi yìí, tí mo kígbe pé kó fọ́ ọ dáadáa, pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pátá ló wà nínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi, pé adájọ́ máa kà á sí i létí. Ọkùnrin náà kàn ń nu ẹ̀jẹ̀ apá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yẹ kẹ́rù bà mí nígbà yẹn.

Lọ́jọ́rú, ilé ìwòsàn la kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n lè rán ètè àbúrò mi tó tún ya lára ògiri. Aago mẹ́ta ti kọjá kí àwa méjèèjì tó dé ibi iṣẹ́. Mo jókòó, mo pe ẹ̀dà náà síta. Òfìfo. Mo rò pé mo ṣi orúkọ tẹ̀, mo tún un tẹ̀, òfìfo náà ni. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn: Ẹtì. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ọ̀rẹ́ mi. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ọkùnrin náà ti yọ bátìrì. Ẹ̀rọ tó ti ṣófo ni àbúrò mi gbé wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, òun gan-an ò tíì ṣí i lọ́jọ́ náà, èmi sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣe bíi ti ẹ̀rọ náà gẹ́lẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo bá a parí ẹ̀. Mo fi orí lu tábìlì títí àbúrò mi fi dì mí mú.

Bàbá Téèpù ló jáde wá bi wá pé kí ló dé. Bàbá yìí ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa, kò ju eyín mẹ́rin lọ tó kù lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, tó bá ti di aago mẹ́rin, ó máa ń da gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà sórí téèpù. Téèpù márùn-ún ló ní, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì á da tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé a máa kó wọn sínú pósí fún un. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó wá ń fi ìka ṣírò. Ti Ẹtì, òfìfo ló wà níbẹ̀. Ti Ajé àti Ìṣẹ́gun, ó ti da òfìfo lé wọn. Ti Ọjọ́bọ̀ ti já láti oṣù tó kọjá, ọ̀gá ò tíì ra òmíràn. Ó ku ti Ọjọ́rú, èyí tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n tó tẹ àṣẹ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó da tuntun lé ìyẹn náà.

Kọ̀ǹpútà wa gan-an ò sí lórí tábìlì. Nítorí ariwo ẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn tó lọ sí àjà òkè, nínú yàrá kan náà, la gbé e sí. Ojú ẹ̀rọ àti kíbọọ̀dù mẹ́rin nìkan ló wà lórí tábìlì, wáyà wọn gba inú ògiri. Bàbá fi téèpù náà sí i, ó tẹ àṣẹ pé kó wá ẹ̀dà tiwa jáde nínú rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dé. Ó ní ó máa pẹ́ díẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ wá a láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àárín ìyẹn ni ọkọ àbúrò mi wọlé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí wa o. Ó kí wa, ó tiẹ̀ tẹrí ba fún Bàbá Téèpù. Ó wá kọjú sí mi, ohùn ò ga.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò fẹ́ kó bà yín.”

Ó gbé òòlù sókè, ó sọ ọ́ lu ojú ẹ̀rọ tó wà níwájú mi. Ó bú gbàù, gíláàsì fọ́n sí mi lójú àti lẹ́nu. Kíbọọ̀dù mi já bọ́, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó bọ́ sí èkejì, ó fọ́ ọ. Mo fò mọ́ ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ bo orí ẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń rò. Kò dá ọwọ́ dúró. Mo gbọ́ bí ìka mi ṣe ṣẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Ó ní kí n má bínú, ó sì tún gbé e sókè. Ó fọ́ ẹ̀kẹta, ó fọ́ ẹ̀kẹrin, ó tún padà wá ń fọ́ èyí tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi tí kò gbọ́wọ́ sókè sí i rí, òun ló gbé àga onírin tí mo máa ń jókòó lé, tó fi là á mọ́ ẹ̀yìn ọrùn. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ó tún fi là á. Okùn tí wọ́n fi rán ètè àbúrò mi já, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, kò sunkún, kò bú u, ó kàn ń lù ú títí ẹsẹ̀ àga fi wọ́. Àwọn tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ló sáré gòkè wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó lé ọkùnrin náà lẹ́yìn, wọ́n fi okùn tí a fi ń di ìwé dì í lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Bàbá Téèpù ò kúrò lójú kan. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó káwọ́ gbera, ó ń wò sùn-ùn. Gíláàsì ti gé e níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Kò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà lẹ́yìn òun. Ojú ni káfíńtà ń fọ́ láti ìgbà tó ti dé, kò mọ̀ pé ọpọlọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, téèpù ṣì ń yí nínú ẹ̀. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àbúrò mi, ó ní kó lọ mú ẹ̀rí rẹ̀ wá.

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó fetí sí i, ó ní téèpù ti dúró. Àmọ́ ojú ẹ̀rọ wo la máa fi rí i? Kóòtù di àárọ̀ ọ̀la. Mo fa kíbọọ̀dù mi tó ń fì sókè, mo gbé e lé itan. Wáyà rẹ̀ ò já. Mo fi ọwọ́ òsì, ìka kan ṣoṣo, tẹ àṣẹ pé kó tẹ̀ ẹ́ síwèé, láìrí ohun tí mò ń tẹ̀. Tí mo bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè tún bà jẹ́. Mo tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà ni pírńtà tó wà ní kọ̀rọ̀ kùn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé jáde. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó na àbúrò mi ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lójú ọkùnrin yẹn kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Kí ọlọ́pàá tó dé, mo ka ìwé náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kà á nìyẹn. Nígbà tí mo dé orí ẹlẹ́ẹ̀keje, ohun tí mo rí rèé:

“Ọjọ́ Àìkú, aago méjì ọ̀sán. Ó tì mí lórí àtẹ̀gùn. Oyún oṣù mẹ́ta wálẹ̀. Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó tì mí. Ó ní kí n ní sùúrù, pé ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni.”

Mo rántí ọjọ́ náà. Aṣọ ni mò ń fọ̀, mi ò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo lè fa ojú ìwé yẹn ya kí n ní ó há sínú pírńtà. Ó ṣe mí bíi kí n ṣe é, mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ti ká etí ìwé náà. Àmọ́ mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sáàárín àwọn yòókù.

Adájọ́ ka gbogbo rẹ̀ sókè lọ́jọ́bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka ẹlẹ́ẹ̀keje, ìyá wa tó jókòó tì mí yíjú wò mí, mi ò lè gbórí sókè. Wọ́n gbé ọmọ fún àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé, ó máa jẹ́jọ́ òòlù. Ìyá Kékeré ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, ó ń bá mi wí pé ọwọ́ òsì kọ́ ni wọ́n fi ń kọ̀wé.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o kí àwọn ọmọ, sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ò tó ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Bàbá Téèpù ní kí n kí ọ, ó ní ó yẹ kí n ti gbọ́ tìrẹ. Bá mi wá wáyà mìíràn, àbúrò mi máa ra ẹ̀rọ tuntun. Mo ti pa àṣẹ àtijọ́ yẹn tì, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ orúkọ ọjọ́ tirẹ̀.

Ó ku ohun kan. Lánàá ni mo tó lè bẹ àbúrò mi. Mo ní mi ò mọ̀, mo ní ká ní mo mọ̀ ni. Ó ń ṣe irun ọmọ lọ́wọ́, kò bínú rárá.

“Mo rò pé ẹ máa kà á,” ló wí. “Ìdí tí mo fi ń gbé e wá bá yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn.”

Ọdún kan ààbọ̀, Eléwáyà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Á dúró tì mí, á máa wo ojú mi, èmi á tẹ àṣẹ, màá ní ó ti parí, àbúrò mi á gba ẹ̀rọ rẹ̀, á sì padà sílé.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbọ́ràn,
                                        Ata Wẹ́wẹ́.